Ilé Tí Ọmọ-ọmọ Mi Ò Lè Wọ̀

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó yé yín: èmi kì í ṣe ọ̀bùn. Ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́rin ni mo ti ń kun ilé onílé, àwọn tó ń gbéṣẹ́ fún mi ló sì máa ń sọ pé tí akunlé yìí bá kúrò nínú yàrá, èèyàn lè gbé oúnjẹ lé ilẹ̀ ibẹ̀ kó jẹ ẹ́. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé mi, tó fi etí aṣọ ẹ̀ bo imú ọmọ tó gbé dání, tó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, ọmọ yìí ò ní wọ ilé yìí mọ́. Ilé yín ń rùn," ẹ̀jẹ̀ mi ru. Mo ní kí ló ń rùn. Ó ní sìgá. Mo fa imú títí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo wá sọ fún un pé irọ́ ló ń pa, pé ilé ọkọ ló ti lọ kọ́ ìgbéraga.

Kò purọ́. Èmi ni mi ò nímú mọ́.

Imú wà lójú mi o. Ó tiẹ̀ tóbi díẹ̀. Nígbà ayé ìyàwó mi, ó máa ń sọ pé tí òjò bá ká àwa méjèèjì mọ́ ìta, abẹ́ ẹ̀ lòun máa sá sí. Ṣùgbọ́n láti ọdún méjì kí ìyàwó mi náà tó kú ni imú yìí ti dí pa. Ẹnu ni mo fi ń mí. Tí mo bá tẹrí ba láti po ọ̀dà, iwájú orí mi á wúwo bí ìgbà tí èèyàn gbé bíríkì lé e. Láràárọ̀ ni mo máa ń ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ki bíi gúlúù, débi pé òun làwọn ará ilé kejì fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ọ̀dà ni mo dá lẹ́bi. Mo ní kò sí akunlé tí imú ẹ̀ kì í dí. Pé mò ń mu páálí sìgá méjì lójúmọ́, ìyẹn ò wá sí mi lọ́kàn.

Ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ni mò ń pè é, nítorí ibi yòówù tó bá ń lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Ìyá-ìyá ẹ̀ ò rí i. Ó ti kú kí wọ́n tó lóyún ẹ̀. Oyún oṣù méje ni wọ́n bí i, ọ̀nà èémí ẹ̀ ò sì tíì gbó nígbà tó fi dáyé. Nígbà tó pé ọmọ ọdún kan, ìyá ẹ̀ gbé e wá sùn lọ́dọ̀ mi fún ọjọ́ méjì. Mo ṣe bí olóye: etí fèrèsé ni mo ti ń mu sìgá mi, mo sì ń fi ọwọ́ fẹ́ èéfín ẹ̀ síta. Lọ́jọ́ kejì, àyà ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Kòtò ọrùn ẹ̀ ń wọnú lọ nígbàkúùgbà tó bá fẹ́ mí. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò ní ọsibítù, wọ́n fi nǹkan bò ó nímú tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Dókítà bi wá pé ta ló ń mu sìgá nínú ilé tí ọmọ yìí ti wá. Ọmọ mi wò mí. Èmi wo ilẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kúrò ní ọsibítù ló wá sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé ó parí.

Láti ìgbà náà, orí àtẹ̀gùn iwájú ilé ni mo ti ń rí ọmọ-ọmọ mi. Ọjọ́ Sọ́ńdè, aago mẹ́rin sí aago márùn-ún. Tí òjò bá rọ̀, kò sí. Ìyá ẹ̀ á mú ṣẹ́ẹ̀tì kan wá láti ilé ẹ̀, èyí tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ fọ̀. Òun ni mo gbọ́dọ̀ wọ̀ kí n tó gbé ọmọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tó na ṣẹ́ẹ̀tì yẹn sí mi, mo bi í pé ṣé ẹlẹ́wọ̀n ni mí tó fi ń gbé aṣọ wá fún mi. Ó ní rárá o, Bàbá, ẹlẹ́wọ̀n kì í mu tó páálí méjì. Ẹ ò rí i pé ọmọ mi ni lóòótọ́.

Mi ò lè lọ máa sùn lọ́dọ̀ wọn. Tíṣà ni ọmọ mi, yàrá kan ṣoṣo ni ilé ìwé fún un nínú ọgbà, wọn kì í sì í jẹ́ kí àlejò sùn níbẹ̀. Ọkọ ẹ̀ ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sọ́nà jíjìn, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dé.

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Mo fẹ́ kí ọmọ náà sùn sílé mi. Mo fẹ́ jí láàárọ̀ kí n gbọ́ ẹsẹ̀ kéékèèké nílẹ̀, kó wá fa aṣọ tí mo fi bora, kó ní, "Bàbá Àgbà, ebi ń pa mí." Ilé tí obìnrin ti kú nínú ẹ̀, tí ọmọ ti kúrò nínú ẹ̀, ariwo bọ́tìnnì iná gan-an máa ń ba èèyàn lẹ́rù níbẹ̀. Mo ní kí Káfíńtà, ọ̀rẹ́ mi tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi, kan bẹ́ẹ̀dì kékeré kan fún mi. Mo fúnra mi kùn ún ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Ó wà nínú yàrá kejì, kò sẹ́ni tó sùn lórí ẹ̀ rí. Tí mo bá ń kọjá, mo máa ń tún aṣọ orí ẹ̀ tẹ́, bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀.

Káfíńtà yìí náà ló lé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà imú. A jọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, à ń mu sìgá, ló bá ṣàdédé da omi lé mi lára. Mo fẹ́ gbá a létí. Àṣé ọwọ́ ẹ̀wù mi ló ti ń jó, sìgá ara mi ló ràn án. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti gbọ́ òórùn ẹ̀, èmi tí mo wọ ẹ̀wù ni mi ò gbọ́. Ó ní, "Ọ̀rẹ́, imú yẹn, ṣé ọ̀ṣọ́ lo kúkú fi ṣe ni?"

Dókítà imú ò ju ọjọ́ orí ọmọ mi lọ. Ó ki rọ́bà tín-ín-rín kan tí iná wà lórí ẹ̀ bọ̀ mí nímú, inú imú mi sì hàn lójú tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó." Èmi tí mò ń wo ilé onílé kiri, mi ò wo tara mi rí. Ó pupa, ó wú, nǹkan funfun rírọ̀ kan hù dí ojú ọ̀nà bí ẹ̀yà ọsàn tí wọ́n bó.

Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Ó ní yàrá kéékèèké wà nínú egungun ojú wa, lókè ojú, lábẹ́ ojú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ìkọ̀ọ̀kan sì ní ilẹ̀kùn tóóró tó ṣí sínú imú. Irun wínníwínní tí ojú lásán ò lè rí wà lára ògiri ibẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa gbá ikun àti ìdọ̀tí síta, tọ̀sán tòru. "Èéfín sìgá ló ń dá wọn dùbúlẹ̀, Bàbá. Tí wọn ò bá gbálẹ̀, ikun á ki, á dúró. Ara ilẹ̀kùn á wú, á tì. Ohun tó bá wà nínú yàrá á bà jẹ́ síbẹ̀. Irú irun yẹn kan náà ló wà lọ́nà ọ̀fun yín títí dé ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń wúkọ́ láràárọ̀." Ó wá bi mí pé ẹyọ mélòó ni mò ń mu. Mo ní ó mọ níwọ̀n. Ó wò mí bí ọmọ mi ṣe máa ń wò mí. Mo ní páálí méjì.

"Mo lè fi iṣẹ́ abẹ ṣí àwọn ilẹ̀kùn náà," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ máa kọ́kọ́ jáwọ́ ná. Tí mo bá ṣí i, tẹ́ ẹ tún padà sídìí ẹ̀, ó máa tún dí ni. A máa kàn ta ẹ̀jẹ̀ yín dànù."

Mo ní, "Ṣé màá tún gbọ́ òórùn?"

"Ó ṣeé ṣe. Mi ò lè ṣèlérí."

Ó kù díẹ̀ kí n sọ fún un ìdí tí mo fi bèèrè, ojú tì mí. Ẹ̀yin ni màá sọ ọ́ fún.

Ìyàwó mi ní àga kan létí fèrèsé, onítìmùtìmù ńlá, tó kọjú sí tèmi. Aránṣọ ni. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi jókòó síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó ń ran ihò bọ́tìnnì, èmi ń mu sìgá, a jọ ń bú gbogbo ayé. Òróró àgbọn ló fi ń pa irun, káńfọ̀ ló ń fi sáàárín aṣọ, ọṣẹ fífọ̀ sì máa ń wà lọ́wọ́ ẹ̀. Tí ó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ló máa ń kọjá. Àìsàn àyà ló pa á, òun tí kò fi sìgá kan ẹnu rí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé èéfín mi ló fà á. Kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi pé òun kọ́. Mo ti sọ pé ọdún méjì ṣáájú ikú ẹ̀ ni imú mi dí. Ìyẹn ni pé ọjọ́ kan wà tí mo gbọ́ òórùn ìyàwó mi kẹ́yìn, mi ò sì mọ̀ pé ìkẹyìn ni. Bóyá mo tiẹ̀ ń bá a ṣe gbólóhùn asọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ tí a sin ín, mo mú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń bo ẹrù onílé tí a bá ń kunlé, mo fi wé àga náà láti òkè délẹ̀. Mo fi tépù lẹ gbogbo etí ẹ̀ pa, kí atẹ́gùn kankan má bàa wọ̀ ọ́. Mo ní òórùn ẹ̀ wà nínú tìmùtìmù yẹn, èmi ni kò lè gbọ́ ọ. Ọjọ́ tí imú mi bá là, màá ṣí i, màá gbé ojú mi lé ibi tí orí ẹ̀ máa ń wà, màá sì rí ìyàwó mi. Ohun tí mò ń dúró dè nìyẹn, èmi àgbàlagbà. Ẹ lè rẹ́rìn-ín.

Mo jáwọ́ nínú sìgá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo jáwọ́ kó tó di òótọ́. Ìgbà kẹta yẹn, mo bú ọmọ aráyé, mo bú garawa, mo jẹ ṣingọ́ọ̀mù títí àgbọ̀n mi fi fẹ́ yọ. Káfíńtà ò lè mu tiẹ̀ lójú mi mọ́. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló ń sá lọ bí ẹni tó ń yan àlè. Tó bá ti fẹ́ borí mi, yàrá kejì ni mò ń lọ, màá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kékeré yẹn títí yóò fi lọ.

Ẹ wá gbọ́ ìwà òmùgọ̀ tí mo hù. Ọmọ mi ní kí n kó gbogbo ohun tó lè gba èéfín jáde. Mo kó kọ́tìnì, mo kó kápẹ́ẹ̀tì, mo kó bẹ́ẹ̀dì ara mi, mo kó àga tèmi. Ó wá ku ògiri. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ mọ̀ pé ògiri tó bá ti mu òróró tàbí èéfín, ńṣe la ń fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ká fi ọ̀dà ìdíhò kùn ún, kí ọ̀dà gidi tó gun orí ẹ̀. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí bá oníbàárà jà. Ṣùgbọ́n tí mo bá fọ ògiri mi, a jẹ́ pé mo gbà pé ó dọ̀tí. Mi ò fọ̀ ọ́. Mo gbé ọ̀dà funfun gùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ó ń dán gbinrin, mo sì ránṣẹ́ pe ọmọ mi.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fa imú. Ó ní, "Ọ̀dà ni mò ń gbọ́, Bàbá. Sìgá sì wà lábẹ́ ẹ̀." Mo ní ó ń wá ọ̀nà tí yóò fi máa fìyà jẹ mí ni. A ò bára wa sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, mi ò sì rí ọmọ.

Nígbà tí ọ̀rinrin mú, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Omi àwọ̀ tíì ń ṣàn wálẹ̀ lára funfun mi, láti òkè àjà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní èéfín nìwà, kò ṣeé fi aṣọ bò. Èmi fi ọ̀dà bo èéfín gan-an, ó jáde wá kí mi. Mo dúró níwájú ògiri yẹn, inú mi ò dùn rárá. Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́. Ó ní ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Mo pọn omi, mo po ọṣẹ, mo fọ ògiri náà bó ṣe yẹ. Garawa mọ́kànlá ni mo dà nù, gbogbo ẹ̀ ló dúdú. Mo dí i, mo tún un kùn. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo sọ fún ọmọ mi lórí àtẹ̀gùn pé òótọ́ ló sọ. Ó ní ó ti tán. Ó yọjú wo pálọ̀, ó ní, "Àga Màmá ńkọ́?" Mo ní ọ̀rá wà lára ẹ̀, nǹkan kan ò lè ta sí i. Àga ìyá ẹ̀ ni, òun náà ò fẹ́ kó jáde.

Oṣù karùn-ún tí mo jáwọ́ ni dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Mi ò ní fi ìyẹn gbà yín lákòókò. Ojú mi wú, ẹ̀jẹ̀ dà, mo padà sílé pẹ̀lú oògùn tí mò ń fín sí imú àti omi iyọ̀ tí mo fi ń fọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́: kí n dà á sí ihò kan, kó gba ihò kejì jáde. Èémí ń gba imú mi kọjá, ó ń tutù, mi ò rántí pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n òórùn ò dé. Oṣù kan, oṣù méjì, kò dé.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ tí mo jáwọ́, ọmọ mi pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Wọ́n fẹ́ rán àwọn tíṣà lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ọkọ ẹ̀ sì wà lọ́nà. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti gbìyànjú. Mo ti rò ó. Ṣé Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ lè wá sùn lọ́dọ̀ yín? Màá gbé oògùn tí a ń fín sí i lẹ́nu sínú báàgì ẹ̀." Mo ní ó dáa. Ohun tí mo lè sọ nìyẹn. Lẹ́yìn tó gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì dúpẹ́ títí ẹsẹ̀ mi fi kú. Sátidé ni wọ́n máa dé.

Lọ́sàn-án Fúráídè, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà, ó ń fá pákó. Nǹkan kan bọ́ sí mi nímú. Mo rò pé mò ń rò ó ni. Mo bẹ̀rẹ̀, mo bu èérún pákó sọ́wọ́, mo gbé e sún mọ́ imú: ó dùn, ó gbóná, ó ta sánsán. Mo ní, "Pákó yìí ní òórùn." Ó ní, "Ó ti ní in kí wọ́n tó bí ẹ." Ìgbà tó wá yé e, ó jọ̀wọ́ irinṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀, ó dì mọ́ mi. Mo gbọ́ tiẹ̀ náà, mo ní kó lọ wẹ̀.

Mi ò dúró gbọ́ èsì. Ilé ni mo gbà lọ.

Mo kúnlẹ̀ síwájú àga ìyàwó mi. Mò ń bó tépù, díẹ̀díẹ̀, kó má fà ya. Mo ká ọ̀rá kúrò. Mo gbé ojú mi lé ibi tí orí ẹ̀ máa ń wà, mo dijú, mo sì fà á sínú gan-an.

Sìgá ni.

Mo ní bóyá ibi tí mo gbé imú sí ni. Mo lọ síbi ọwọ́ àga, níbi tí ọwọ́ ọlọ́ṣẹ yẹn máa ń wà. Sìgá. Mo gbé tìmùtìmù sókè, mo ki orí bọ abẹ́ ẹ̀, mò ń wá òróró àgbọn, mò ń wá káńfọ̀, mò ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ èèyàn. Sìgá kíkan, bí àwo eérú tí òjò rọ̀ sí. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ọ̀rá àti tépù tọ́jú òórùn ara mi.

Ó wá yé mi. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi kọjú sí mi. Ohun tí mo bá tú jáde lẹ́nu, òun ló ń fà sínú. Ó sọ fún mi nígbà kan pé àwọn tó bá jókòó tì òun nínú bọ́ọ̀sì máa ń bi òun bóyá òun ń mu sìgá. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo sunkún lórí àga yẹn bí mi ò ṣe sunkún níbi ìsìnkú ẹ̀.

Nígbà tí mo dìde, imú mi ò dákẹ́ mọ́. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, sìgá. Mo ṣí àpótí aṣọ, sìgá. Pákó òkè àjà, ẹ̀yìn dígí, ìwé tí ìyàwó mi kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà sí. Mo lọ sí yàrá kejì, mo gbé tìmùtìmù bẹ́ẹ̀dì kékeré náà sún mọ́ ojú. Òun náà ti mu ún, láti ìgbà tí mi ò tíì jáwọ́.

Káfíńtà bá mi gbé àga náà jáde sẹ́yìn ilé. Mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún un. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe ìyá ọmọ fúnra ẹ̀ ló ní kó wá?"

"Òun ni."

"Ó mọ̀ kó tó gbà. Ọmọ náà sì ti lágbára ju ti tẹ́lẹ̀. Ṣí fèrèsé sílẹ̀, kó o pa ẹnu ẹ mọ́. Imú ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ là, o wá fẹ́ fi ba ti ara ẹ jẹ́."

Mo fẹ́ gbà fún un. Ọlọ́run gbọ́, mo fẹ́. Mo ṣí gbogbo fèrèsé, mo gbé bẹ́ẹ̀dì sínú atẹ́gùn. Mò ń sọ fún ara mi pé ọjọ́ mẹ́ta péré ni, pé ọmọ ọdún kan kọ́ ló jẹ́ mọ́, pé ọdún méjì ni mo ti ń rí i fún wákàtí kan lọ́sẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, pé ìyà tó jẹ mí ti tó. Gbogbo ẹ̀ ni òótọ́. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, mo jáde síta, mo mí sínú, mo padà wọlé. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Wọ́n dé ní aago mẹ́jọ. Ọmọ mi ti múra ìrìn àjò, báàgì kékeré wà léjìká ẹ̀. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ gun àtẹ̀gùn fúnra ẹ̀. Nígbà tó dé orí èyí tó kẹ́yìn, ó dúró, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ pé kó máa dúró. Ó bojú wẹ̀yìn wo ìyá ẹ̀. Ìyá ẹ̀ ní, "Ó yá, wọlé. Lónìí, o lè wọlé."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹsẹ̀. Mo na ọwọ́ mi dí ẹnu ọ̀nà.

Mo ní, "Ẹ má wọlé."

"Bàbá?"

"Ilé ń rùn."

Ọmọ mi gbé báàgì náà sílẹ̀. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́ pé, "Mo mọ̀. Mò ń gbọ́ ọ láti orí àtẹ̀gùn yìí. Kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ọ. Ó ti rẹ̀ mí láti máa lé yín sẹ́yìn ni, Bàbá. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù fún mi."

"Mo ṣí àga ìyá ẹ," ni mo wí. "Mo ti gbọ́ òórùn."

Ojú ẹ̀ là. "Kí lẹ gbọ́ níbẹ̀?"

"Èmi. Èmi nìkan ló wà níbẹ̀. Mi ò fi àyè kankan sílẹ̀ fún un."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú aṣọ ìrìn àjò ẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, "Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń dúró dè yín kẹ́ ẹ sọ ọ́." Mo ní kó má bínú. Mo tún un sọ. Mi ò rántí pé mo ti bẹ ọmọ yìí rí láti ìgbà tí mo ti bí i.

Ó pe ìyá ọkọ ẹ̀. Ìyẹn ní kó gbé ọmọ wá, pé òun ti ń retí àtiṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ní in fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ó máa wẹ̀ fún un, ó máa jí i. Mo jowú obìnrin náà débi pé àyà mi ro mí. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sọ́hùn-ún á kọjá láàárín ogún ìṣẹ́jú.

Ọmọ mi ò mú ṣẹ́ẹ̀tì dání lọ́jọ́ náà, nítorí ó rò pé a ò ní nílò ẹ̀ mọ́. Ni mo bá bọ́ èyí tó wà lọ́rùn mi, mo jù ú sínú ilé, mo lọ sídìí ẹ̀rọ omi ìta, mo fi ọṣẹ fọ apá, ọrùn, àyà, irùngbọ̀n. Àwọn obìnrin ilé kejì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Bàbá Akunlé ti ya wèrè. Mo nù ún gbẹ pẹ̀lú aṣọ ìnura tó wà nínú báàgì ọmọ. Mo wá jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ìhòòhò àyà, mo na ọwọ́.

Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ bọ́ sí mi lára. Ọdún mẹ́ta ló fi wà láyé, mi ò mọ òórùn ẹ̀ rí. Mo gbé imú mi sáàárín irun ẹ̀, mo sì fà á sínú díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìbẹ̀rù, bí mo ṣe ṣe níwájú àga. Ọṣẹ wà níbẹ̀. Mílíìkì tó mu láàárọ̀ wà níbẹ̀, àti òógùn ọmọdé. Mo wá sìgá títí, lẹ́yìn etí, ní ọrùn, nínú àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, títí ọmọ fi ń rẹ́rìn-ín pé irùngbọ̀n mi ń rin òun, tí bọ́ọ̀sì sì fi fun fèrè ní ìkòríta. Kò sí mi lára ẹ̀ rárá.